Fòníkú-Fọ̀ladìde Kì Í Ṣe Àbíkú

Ọ̀rọ̀ fòníkú-fọ̀ladìde ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá fún ẹ̀yin ará ilẹ̀ Ìkálẹ̀, láti Òkìtìpupa dé Òde-Ìrèlè.

Mo ṣì ń gbọ́ kí àwọn kan máa pe ọmọ tí àìsàn yìí ń dà láàmú ní àbíkú, tàbí kí wọ́n ní ìyá rẹ̀ ló fà á. Irọ́ ni! Baba àti ìyá ni ó jọ fún ọmọ. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ A.S., nínú oyún kọ̀ọ̀kan, àyè 1 nínú 4 wà pé ọmọ náà yóò jẹ́ S.S. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa tẹ̀ bí dòjé, a sì dí ojú iṣan. Ìdí nìyí tí egungun fi ń ro ó. Nǹkan bí ẹnì 1 nínú 4 wa ní Nàìjíríà ni ó jẹ́ A.S., nítorí náà kí agboolé kan má fi òmíràn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní England, láti nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun wò. Lọ́dọ̀ wa, ìrora ni ó ń kọ́kọ́ sọ fún ọ̀pọ̀ òbí. Ní 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tuntun tí owó rẹ̀ ju mílíọ̀nù 2 dọ́là lọ. Èmi kò ní kí ìjọba ra ìyẹn fún wa lọ́la. Ohun tí mo ń béèrè kò tó bẹ́ẹ̀: àyẹ̀wò fún ọmọ tuntun, penicillin lójoojúmọ́ títí yóò fi pé ọdún 5, abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwọ̀n ẹ̀fọn àti oògùn tí ń dènà ibà, àti hydroxyurea bí dókítà bá pàṣẹ rẹ̀. Ọmọ ìyá tí ń ta púpurú ní Ìlútitun kò gbọdọ̀ di ará Èkó kí ó tó rí wọn gbà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fún ọmọ náà ní omi púpọ̀, ẹ má jẹ́ kí òtútù mú un. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, tí ojú rẹ̀ funfun, tàbí tí ikùn rẹ̀ wú lójijì, ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ má dúró de àgbo. Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹ́ra yín sọ́nà, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ẹ tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa àti Ìrèlè, ibùdó ìlera tí ó wà lábẹ́ yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.