Àká Kọ́ Ni Àgbàdo

Ẹ̀yin ará wa ní Ìjẹ̀bú Òde, ní Ìjẹ̀bú Igbó, ní Àgọ́ Ìwòyè, ní Odògbolú àti ní gbogbo abúlé tó yí wọn ká, ọ̀rọ̀ iná la mú wá lónìí. Ẹni tó bá mọ̀wé, kó jọ̀wọ́ kà á sí etígbọ̀ọ́ ẹni tí kò mọ̀wé.

Òfin ti yí padà, àwọn tó yẹ kó sọ fún yín kò sì sọ ọ́ ketekete. Láti ìgbà tí ìjọba ológun ti dá NẸ́PÀ sílẹ̀ ní 1972, títí wọ́n fi fa iṣẹ́ náà lé àwọn oníléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ ní 2013, ibikíbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ bá dé, ọwọ́ wọn ni àṣẹ wà. Bí iná bá lọ, gómìnà á ní ẹjọ́ òun kọ́. Ní oṣù kẹta 2023, wọ́n tún òfin ilẹ̀ wa ṣe. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin iná tuntun. Ìpínlẹ̀ lè pèsè iná wàyí, ó lè pín in, ó sì lè ṣàkóso iye tí a ó máa san. Ní 2025, àjọ NERC kéde pé òun ń fa àkóso ọjà iná Ògùn lé àjọ ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Àwáwí ẹni tó bá jókòó ní Òkè-Mosàn ti tán nìyẹn o, ẹgbẹ́ yòówù kó ti wá.

Nísinsìnyí, ariwo mìíràn tún ń bọ̀ lọ́nà: háídírójìn. Jámánì ṣí ọ́fíìsì háídírójìn sí Àbújá ní 2021. ECOWAS náà ṣe ìlànà lé e lórí ní 2023. Láìpẹ́, olóṣèlú kan á gun orí pẹpẹ, á ní omi odò Yemọjí lòun ó fi tan iná fún yín. Ẹ má pàtẹ́wọ́ ná.

Afẹ́fẹ́ ni háídírójìn, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó wà nínú omi tí à ń mu, ṣùgbọ́n ó dì mọ́ ọ́síjìn bí ọkọ àti ìyàwó. Iná mànàmáná la fi ń yà wọ́n. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní fuel cell ló ń dá ọ̀rọ̀ náà padà: ó ń so àwọn méjèèjì pọ̀, iná á jáde, omi á sì máa kán sílẹ̀. Kò sí èéfín, kò sí ariwo bíi ti jẹnẹrétọ̀ wa. Idán kọ́. William Grove ṣe irú rẹ̀ ní 1839, òun ni àwọn ará Amẹ́ríkà sì fi tan iná nínú ọkọ̀ tó gbé wọn lọ sí òṣùpá ní 1969. Ní Jámánì, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í fi kó èrò ní 2018.

Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò owó. Kí a tó rí kílò kan háídírójìn nínú omi, yóò jẹ tó yúnìtì iná 50, yóò sì mu omi mímọ́ tó kéré tán lítà 9. Bí a bá da kílò kan yìí sínú fuel cell, nǹkan bí yúnìtì 16 sí 20 la ó rí gbà padà. Ìyálọ́jà wo ní Òkè-Ajé ló máa fi 50 ṣòwò kó lè kó 18 wálé?

Àká ni háídírójìn. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú iná wá ju èyí tí a lè lò lọ, a lè fi àṣẹ́kù rẹ̀ pamọ́ sínú rẹ̀ de ìgbà òjò. Àgbàdo là ń kó sí àká o, bí kò bá sí àgbàdo, eku ló máa gbé ibẹ̀.

Ẹ rántí àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin, ọmọ ọdún 14 àti 15, tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ tó ń lo ìtọ̀ lọ síbi àfihàn kan ní Èkó ní 2012. Ìròyìn gbé e káyé: lítà ìtọ̀ kan, iná wákàtí mẹ́fà! Àwọn ọmọ náà gbìyànjú gidigidi, orí wọn pé. Àwọn àgbà tó ń gbé ìròyìn náà kiri la bá wí, nítorí púpọ̀ nínú wọn kò béèrè pé iná mànàmáná tí wọ́n kọ́kọ́ fi yọ háídírójìn láti inú ìtọ̀, níbo ló ti wá?

Ìbéèrè yẹn gan-an ló kan ẹni tó ń rin ẹ̀gẹ́ fún gàrí ní oko, tó kan alágbẹ̀dẹ, tó kan obìnrin tó ń ta ẹja inú yìnyín. Ní oṣù karùn-ún 2023, owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù lọ. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé yúnìtì iná àwọn tó wà ní Band A láti nǹkan bí náírà 68 sí 225. Ibùdó iná ńlá tó ń lo gáàsì sì wà ní Olórunṣògo, nínú ìpínlẹ̀ wa níbí! Iná tó ń tibẹ̀ jáde, orí wáyà àpapọ̀ ló ń bọ́ sí. Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí ń ra àbẹ́là.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń sọ kò le. Kí a kọ́kọ́ fi sólà sí ilé ìwòsàn, ọjà àti ilé ẹ̀rọ gàrí. Kí ìpínlẹ̀ lo gáàsì tó wà nítòsí fún wa. Kí Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ háídírójìn, kó má jẹ́ pé òyìnbó nìkan ni yóò máa tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe nígbà tó bá dé.

Kí wọ́n sì wá là wá lọ́yẹ̀. Ìpàdé tí wọ́n bá fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n pín ohun mímu olómi tútù níbẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ìlanilọ́yẹ̀. Kí wọ́n wá sí ọjà, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n pe àwọn régbérégbé, kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá. Kí wọ́n má fi ewu rẹ̀ pamọ́: háídírójìn yára gbaná, ọwọ́ iná rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn lójú ọ̀sán. Ọkọ̀ òfurufú Hindenburg, tí wọ́n fi í kún inú rẹ̀, jóná ní Amẹ́ríkà ní 1937, ènìyàn 36 sì kú. Ẹni tí a kò sọ fún kò lè sọ pé òun gbà tàbí òun kọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá wá tọrọ ìbò yín, ẹ bi wọ́n: yúnìtì 50 náà, níbo lẹ ó ti rí i? Èló la ó máa san? Ta ló ni ẹ̀rọ náà? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó sọ ọ́, kí ẹ sì mú un wá síbi ìpàdé wọ́ọ̀dù yín.