JẸ́LÉ-Ó-SINMI NI WỌ́N Ń PÈ É, WỌN Ò PÈ É NÍ JẸ́-TÍṢÀ-Ó-SINMI

Ẹ kú ìnáwó sáà tuntun tó ń bọ̀ yìí. A mọ̀ pé owó ilé-ìwé ò kéré lọ́rùn òbí lásìkò yìí. Olúwa yóò pèsè fún gbogbo yín ní orúkọ Jésù.

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn tẹ "Àmín" kẹ́ ẹ sì kọjá. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa kéékèèké ni, àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, àwọn òbí kan wá bá wa ní ọ́fíìsì lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún wa gan-an, àmọ́ ọ̀rọ̀ wọn le. Wọ́n ní ilé-ìwé kan wà ládùúgbò tó ti ń fún ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kọ̀ọ̀kan ní tablet tiẹ̀. Wọ́n ní, "Daddy, bí ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì wa ò bá ní irú ẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀, ẹ má bínú o, a máa kó àwọn ọmọ wa lọ síbẹ̀." Ọmọ mẹ́fà ni àwọn òbí yẹn ní láàárín ara wọn. Nínú ilé-ìwé tí kò ní ju ogójì ọmọ lọ, ọmọ mẹ́fà kì í ṣe kékeré. Owó oṣù tíṣà wà nínú ẹ̀.

A ti gbàdúrà sí i, a ti jókòó pẹ̀lú àwọn alàgbà. Ìdáhùn wa rèé: a ò ní ra tablet fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. A fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìdí ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé pásítọ̀ yìí ahun ni, tàbí pé a ò tíì lajú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Àwa náà ti ṣe é rí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọmọ ìjọ wa kan tó wà lókè òkun fi tablet mẹ́wàá ránṣẹ́ sí ilé-ìwé wa. A jó, a yọ̀, a gbé fọ́tò ẹ̀ sórí Facebook yìí. Kíláàsì tó máa ń pariwo bí ọjà bá pa rọ́rọ́. Ẹni tó bá ń kọjá lọ á rò pé kò sọ́mọ níbẹ̀. A ní, "Ògo ni fún Ọlọ́run, àwọn ọmọ yìí ti ń fọkàn sí ẹ̀kọ́."

Àfi ìgbà tó dọjọ́ kan tí àwọn NEPA mú iná lọ, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, epo jẹnẹrétọ̀ náà sì tán. Tíṣà wa, ọmọ Ọlọ́run tó níwà gan-an, wá kan ilẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà, Daddy. Iná ò sí o, gbogbo tablet ló ti kú. Kí ni kí n máa fi àwọn ọmọ ṣe?"

Ìbéèrè yẹn gún wa lọ́kàn. Tíṣà yìí kan náà ni o! Kí tablet tó dé, bó bá ń pa àlọ́ Ìjàpá, àwa tá a wà lókè nínú ọ́fíìsì máa ń gbè é. Láàárín sáà méjì péré, ó ti di pé kò mọ ohun tó lè ṣe láìsí iná. A tẹ̀lé e lọ sí kíláàsì. A bi àwọn ọmọ pé, "Ta ló lè sọ ìtàn Nóà fún wa?" Wọ́n ti wo kátúùnù ẹ̀ àìmọye ìgbà. Wọ́n kàn ń wò wá ni. Ọ̀kan nínú wọn wá nawọ́ sí tablet tó ti kú lórí tábìlì. Lójú tiẹ̀, inú tablet yẹn ni Nóà wà. Nóà ò tíì wọ inú ọmọ.

Ẹ̀yin ará, ẹ wo orúkọ tí àwọn àgbà sọ irú ilé-ìwé yìí. Jẹ́lé-ó-sinmi. Jẹ́ kí ilé ó sinmi. Ìyá fẹ́ lọ sọ́jà, bàbá fẹ́ lọ síbi iṣẹ́, kí ọmọ lọ ṣeré níbòmíràn kí ilé lè rójú. Ilé ló yẹ kó sinmi o. Wọn ò ní kí tíṣà sinmi, wọn ò sì ní kí ọwọ́ àti ẹnu ọmọ sinmi. Ariwo tó kúrò nílé, ilé-ìwé ló yẹ kó gbà á, kó sọ ọ́ di orin, kó sọ ọ́ di ìbéèrè. Bí a bá wá fi ẹ̀rọ pa ariwo yẹn níbẹ̀ náà, ibo lọmọ fẹ́ lọ sọ̀rọ̀?

Ẹni tó dá irú ilé-ìwé tí òyìnbó ń pè ní kindergarten sílẹ̀, Friedrich Froebel, ará Jámánì ni, ọmọ pásítọ̀ sì ni. Ọdún 1837 ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní ìlú Bad Blankenburg. Ní 1840 ló fún un lórúkọ yẹn, tó túmọ̀ sí ọgbà àwọn ọmọdé. Kí ló kó fún àwọn ọmọ? Bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi òwú ṣe, àti igi gígé, èyí tó rí roboto àtèyí tó ní igun. Wọ́n á tò ó, wọ́n á tú u, wọ́n á kọrin, wọ́n á gbin nǹkan. Títí dòní, ibi tọ́wọ́ ọmọ ti ń ṣiṣẹ́ lọpọlọ ẹ̀ ti ń là.

Àwa onígbàgbọ́ ló sì yẹ ká mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí kejì. Ọlọ́run tó kàn sọ̀rọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ fi wà, nígbà tó kan ènìyàn, erùpẹ̀ ló fi mọ ọ́. Ẹ ṣí Ẹ́kísódù orí 31. Bésálẹ́lì gba Ẹ̀mí Ọlọ́run, iṣẹ́ tó sì fi Ẹ̀mí yẹn ṣe ni wúrà, fàdákà, òkúta àti igi. Nínú ìjọ wa, bí Ẹ̀mí bá bà lé ẹnì kan, a ń retí kó fọ èdè tàbí kó sọ àsọtẹ́lẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rin tó fi páálí mílíìkì kan ọkọ̀ Nóà, tó wó, tó tún un kàn, ẹ̀bùn Bésálẹ́lì lẹ̀ ń wò yẹn. Ẹ má pè é ní eré lásán. Olúwa wa fúnra ẹ̀, káfíńtà ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ẹ̀rí àwọn dókítà náà, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti sọ tiwọn ní 2019. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, wọ́n ní kò yẹ kó jókòó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ rárá. Láti ọdún méjì dé mẹ́rin, kó má ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, bó bá sì kéré sí bẹ́ẹ̀, ó sàn jù. Wọ́n tún ní kí ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin lo ó kéré tán wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ nínú eré tó ń mú ara jí pépé. Ẹ wá ṣírò ẹ̀. Bí ilé-ìwé bá ti lo wákàtí kan yẹn tán láàárọ̀, fóònù Mummy lálẹ́ ńkọ́? Tẹlifíṣọ̀n ńkọ́?

Ẹ má gbọ́ wa lódì o. A ò bá ẹ̀rọ jà. Ṣebí orí fóònù la ti ń kọ èyí, orí fóònù lẹ ti ń kà á. Ohun tá a ń sọ ni pé ọwọ́ tíṣà ló yẹ kí ẹ̀rọ wà, kó sì máa parí sí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ. Fóònù kan ṣoṣo àti sípíkà kékeré kan la ń lò ní kíláàsì wa báyìí. Ẹ jẹ́ ká sọ bá a ṣe ń lò ó.

Àkọ́kọ́, ohùn. Ọmọ kan wà tí kò la ẹnu ní kíláàsì fún odidi sáà kan. Lọ́jọ́ kan tó ń mọ amọ̀, tó ń dá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tíṣà gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀, ó gbé e sí sípíkà. Ọmọ náà gbọ́ ohùn ara ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí. Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra ẹ̀ ló wá sọ pé kí tíṣà tún gba òun. Ó ti pa àlọ́ mẹ́ta báyìí, Yorùbá ló sì fi pa á. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nì kan dẹ́rù bà yín pé Yorùbá á fa ọmọ sẹ́yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti dán an wò ní Ifẹ̀ láti 1970: wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀, àwọn ọmọ yẹn ò sì rẹ̀yìn, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì gan-an.

Èkejì, fọ́tò. Wọ́n gbin ẹ̀wà sórí òwú tútù nínú ike. Lójoojúmọ́, ọmọ kan á ya fọ́tò ẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì, tíṣà ń fi fọ́tò náà hàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kíá kíá. Ọ̀kan pariwo, "Ó ń dìde!" Ojú lásán ò lè rí ẹ̀wà bó ṣe ń hù. Fóònù ló jẹ́ ká rí i. Lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n kó kíréyọ̀nù, wọ́n sì ya tiwọn.

Ẹ̀kẹta, fídíò. Ẹyẹ ẹ̀gà pọ̀ lórí ọ̀pẹ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wá sí àdúrà ọ̀sán mọ ariwo wọn. Tíṣà fi fídíò ìṣẹ́jú mẹ́rin hàn wọ́n, bí akọ ẹ̀gà ṣe ń fi ẹnu hun ìtẹ́. Ó pa fóònù, ó kó wọn jáde, wọ́n rí ẹyẹ náà kòrókòró. Ó wá pín imọ̀ ọ̀pẹ fún wọn pé kí wọ́n hun tiwọn. Kò sẹ́ni tó hun ún dáadáa. Ọ̀kan bú sẹ́kún. Tíṣà ní, "Ẹ̀gà gan-an, bí ìyàwó ò bá gba ìtẹ́ ẹ̀, ó máa ń tú u, á tún un hun ni." Ọmọ náà nu ojú, ó padà sídìí ẹ̀. Sùúrù yẹn là ń wá. Ọmọ tó bá ní in, tó bá dọmọ ọdún mẹ́wàá, ó lè fi ọjọ́ kan mọ tablet lò. Tablet mẹ́wàá wa gan-an ṣì wà, àwọn ọmọ praimárì ńlá la kó wọn fún.

Ìnáwó ẹ̀ ńkọ́? Amọ̀, etí odò ni. Igi, lọ́dọ̀ àwọn káfíńtà ìjọ. Gígé aṣọ, lọ́dọ̀ àwọn télọ̀. Kóró àgbálùmọ̀ la fi ń ka ení, èjì, ṣùgbọ́n tíṣà ń ṣọ́ wọn o, kí ẹnikẹ́ni má kì í bọ imú.

Ibi tówó ti máa wọlé ni tíṣà fúnra ẹ̀. A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: nígbà tí tíṣà wa gbára lé tablet, ẹ̀bi wa ni. Òun nìkan la fi ogún ọmọ lé lọ́wọ́, owó tá a sì ń san ò tó nǹkan. Ẹni tó ti rẹ̀, ohun tó máa mú ọmọ dákẹ́ ló máa wá. Nítorí náà, owó táwọn kan ní ká fi ra tablet, a máa fi gba olùrànlọ́wọ́ kan fún un, a sì máa fi díẹ̀ kún owó oṣù ẹ̀.

Ilé náà ńkọ́? Nínú ìsìn, a máa ń rí ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ń na fóònù sọ́mọ kí ìwàásù tó dé ìdajì. A ò lè bá yín wí púpọ̀, àwa náà ti ṣe é fún ọmọ-ọmọ wa. Láti ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ ká fún wọn ní ìwé àti pẹ́ńsù. Bí wọ́n bá pariwo díẹ̀, a máa gbóhùn sókè.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ fẹ́ kó ọmọ lọ, a ò bínú sí yín, ìfẹ́ ọmọ yín ló ń ṣe yín. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo la bẹ̀ yín. Ẹ wá jókòó ní kíláàsì wa fún wákàtí kan. Ẹ lọ jókòó sí tọ̀hún náà fún wákàtí kan. Ẹ fetí sílẹ̀, kẹ́ ẹ wo ibi táwọn ọmọ ti ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n ti ń béèrè nǹkan. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe bí Olúwa bá ṣe darí yín.

Ọwọ́ àwọn ọmọ wa ò ní rọ, ẹnu wọn ò ní yadi, ọgbọ́n Bésálẹ́lì yóò bà lé wọn ní orúkọ Jésù. Ẹ kọ Àmín, kẹ́ ẹ sì sọ fún wa nísàlẹ̀: kí lẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé, tẹ́ ẹ ò tíì gbàgbé?