Módẹ́ẹ̀mù àti Orúkọ Àwọn Àléébù Rẹ̀

Nínú kíkọ́ni nípa ẹ̀rọ ní èdè Yorùbá, orúkọ ẹ̀rọ kọ́ ni ó ṣọ̀wọ́n jù. Orúkọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe, àti ti ohun tí kì í jẹ́ kí ó ṣe é, ni ó ṣọ̀wọ́n. Módẹ́ẹ̀mù tí ó ń gba orí wáyà tẹlifóònù pe íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ àpẹẹrẹ kan.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó mọ dùndún. Onílù a máa di ọ̀rọ̀ sínú ohùn ìlù, olùgbọ́ a sì tú u padà sí ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni módẹ́ẹ̀mù ń di iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà rán sínú ìró tí wáyà lè gbé, láàárín nǹkan bí 300 sí 3,400 hertz, kí módẹ́ẹ̀mù kejì tó tú u. ‘Dídì’ àti ‘títú’ tó ní ọ̀rọ̀-ìperí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa wọ́n pọ̀ di ‘adìtú’ láti fi pe ẹ̀rọ náà, nítorí pé ‘àdìtú’ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbọ́. Kí ọ̀rọ̀ àyálò dúró.

Bí ìsopọ̀ bá ń já, ‘láìnì kò dára’ ni ó wọ́pọ̀ lẹ́nu. Gbólóhùn yìí kò tọ́ka sí ibi tí àtúnṣe wà. Àléébù mẹ́ta ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀. Èkíní ni ‘ariwo wáyà’: omi tàbí ojú ìsopọ̀ tí ó ti dógùn-ún ni ó sábà ń fà á, ẹni tí ó bá gbé tẹlifóònù sétí yóò sì gbọ́ ọ. Módẹ́ẹ̀mù a wá rọra máa fọhùn, bí onílù láàárín ọjà. Èkejì ni ‘ìjálù ìpè’: ìró tí ń kéde pé ẹlòmíràn ń pè ni ó gé ìsopọ̀, ní Amẹ́ríkà, títẹ *70 ṣáájú nọ́ńbà ni ó ń dí i lọ́nà. Ẹ̀kẹta ni ‘àìfohùnṣọ̀kan’: módẹ́ẹ̀mù méjèèjì kò rẹ́ lórí ìwọ̀n eré, dídín eré kù ni oògùn rẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé ohun àná ni èyí, nítorí pé AOL pàápàá fòpin sí irú ìsopọ̀ yìí ní 30 Sẹ́tẹ́ńbà, 2025. Ṣùgbọ́n DSL tí ó rọ́pò rẹ̀ nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gba orí wáyà kan náà, pẹ̀lú ìgbì tí ó ga ju ti ohùn ènìyàn lọ. Ariwo wáyà kò yọ òun náà sílẹ̀. Módẹ́ẹ̀mù inú tẹlifóònù alágbèéká pẹ̀lú ń dì, ó sì ń tú.

Nítorí náà, kí olùkọ́ àti olùtumọ̀ fi orúkọ ẹ̀rọ sílẹ̀ bí ó ti wà, kí wọ́n sì sọ ìṣe àti àléébù rẹ̀ lórúkọ Yorùbá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ orúkọ àléébù ni yóò mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò.