Yunifásítì wà nítòsí Òrù, àmọ́ owó ilé ń dúró de òbí níbòmíì

Bí èèyàn bá dé Òrù lásìkò táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kó ẹrù dé, yóò rí i pé kò sẹ́ni tó mọ ìṣirò owó yunifásítì tó àwọn onílé tó ń gbà wọ́n sílé. Wọ́n mọ ọmọ tó san owó ilé ọdún kan gbáko, wọ́n mọ èyí tó ń bẹ̀bẹ̀ pé ìyá òun ò tíì tajà. Wọ́n mọ iye ìgbà tí gáàsì ń tán. Wọ́n tiẹ̀ mọ̀ pé gààrí táwọn òbí dì fún ọmọ wá láti ilé kì í pẹ́ tán. Àmọ́ tó bá wá kan ọmọ tiwọn, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ lẹ́nu bàbá ò ju ẹyọ kan lọ: "Ṣebí Àgọ́-Ìwòyè nìyí, ilé lá ti máa lọ, ilé lá máa bọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún gbọ́ létí o, àmọ́ ó lè kó bàbá ọlọ́mọ sí gbèsè.

Lóòótọ́, Àgọ́-Ìwòyè ni wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ sí lọ́dún 1982, nígbà ìjọba Olóyè Bísí Ọ̀nàbánjọ, orúkọ ọkùnrin náà ni wọ́n sì fi pe ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀hún láti ọdún 2001. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ di ẹnjiníà, Ìbògùn ni kọ́lẹ́ẹ̀jì tiẹ̀ wà. Èyí tó bá yan iṣẹ́ àgbẹ̀, Ayétòrò lọ́hùn-ún nílẹ̀ Yewa ni. Èyí tó bá sì fẹ́ di dókítà, kó máa múra Ṣàgámù sílẹ̀.

Ẹ fojú inú wo bàbá kan ní Òrù tó ń wa bọ́ọ̀sì lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, tó sì ní yàrá mẹ́rin tó fi háyà fáwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ ẹ̀ wọlé, iṣẹ́ ẹnjiníà ni wọ́n fún un, ìyá ọmọ ti se ìrẹsì fún gbogbo àdúgbò. Owó sukúù nìkan ni bàbá yìí tọ́jú. Ọjọ́ tó kù díẹ̀ kí wọ́n wọlé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé Ìbògùn lọmọ ń lọ. Tìmùtìmù ni o, ìkòkò ni o, sítóòfù ni o, owó ilé ni o, owó àjẹ́ǹtì ni o, ká má tíì dárúkọ owó mọ́tò. Ọkùnrin tó ń halẹ̀ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ nítorí owó ilé ló wá di ẹni tó ń bẹ onílé ẹlòmíràn ní Ìbògùn. Bẹ́ẹ̀, ká ní ó béèrè ṣáájú kí ọmọ tó gba fọ́ọ̀mù JAMB ni, ì bá ti mọ̀.

Ti JAMB gan-an kọ́ ló ń dá èèyàn lágara. Lọ́dún 2025, 7,200 náírà ni fọ́ọ̀mù ẹ̀ fún ẹni tí ò ṣe ìdánwò àfidánrawò, owó WAEC sì jẹ́ 27,000 náírà. Òbí á wá a rí. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni pé àwọn mìíràn kì í béèrè iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe ní kíláàsì títí á fi dé SS3. Ọmọ tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà gbọ́dọ̀ kọ Ìṣirò, Fíísíìsì àti Kẹ́místrì mọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú JAMB. Tó bá ti pa Fíísíìsì tì láti SS1, kí ni lẹ́sìn oṣù méjì fẹ́ ṣe sí i?

Àsìkò yẹn náà làwọn gbájúẹ̀ máa ń yọjú. "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, mo mọ èèyàn nínú ọ́fíìsì, ẹ ṣáà wá nǹkan kan síwájú." Kí ìyá tó gbọ́ irú ẹ̀ di báàgì ẹ̀ mú o. Láti ọdún 2017, orí ètò JAMB tí wọ́n ń pè ní CAPS ni orúkọ ọmọ tó wọlé ti ń jáde, ọmọ náà ló sì máa fọwọ́ ara ẹ̀ gbà á níbẹ̀. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò bá sí lọ́dọ̀ JAMB, wàhálà ń dúró dè é lọ́jọ́ tó bá fẹ́ lọ sin ìlú.

Àwọn kan ti gbọ́kàn lé owó tí ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí wọ́n buwọ́ lu òfin ẹ̀ lóṣù kẹrin, ọdún 2024. Owó náà ò ní èlé, ó sì dáa. Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó sukúù fún tààrà, wọ́n sì ń fún ọmọ ní 20,000 náírà lóṣù láti fi jẹun. Àmọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ ti wọlé kó tó lè béèrè fún un. Tìmùtìmù àti owó ilé ti oṣù àkọ́kọ́, àpò bàbá àti ìyá náà ni.

Fún àwọn ará Àbìgì àti Ìwòpin ní Ogun Waterside, kò sí àríyànjiyàn, Àgọ́-Ìwòyè gan-an, owó ilé ni. Àwọn tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní Poli Abraham Adesanya nílé, àmọ́ àwọn òbí kan ń yínmú sí i, bíi pé ẹni tó lọ sí poli ò kàwé. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tó bá fi ọdún méjì gba ND tó dáa lè fi gba Direct Entry wọ yunifásítì ní ipele kejì, ilé ìyá ẹ̀ ló sì ti jẹun títí.

Owó ọ̀hún kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń wá lọ́sẹ̀ méjì. Ẹni tó bá ń dá 500 náírà lójúmọ́ fún alájọ, tí alájọ yọ ti ọjọ́ kan tiẹ̀, á gba 14,500 náírà lóṣù. Kó má fi sílẹ̀ lọ́wọ́ alájọ o, kó máa kó o sí kọpuréétíìfù. Láti SS1 dé ìparí SS3, ó ti di 522,000 náírà. Bàbá onímọ́tò yẹn náà lè wọkọ̀ lọ sí Ìbògùn lọ́jọ́ Sátidé kan, òun àti ọmọ ẹ̀, kí wọ́n béèrè iye tí yàrá jẹ́ níbẹ̀ kí JAMB tó ti fọ́ọ̀mù pa.