Ìyá Mẹ́rin Nínú Eré Kòríà Kan

 Ní oṣù yìí, mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ yín kí n sọ̀rọ̀ nípa eré. Ẹ má ṣe rò pé mo ti pa ìdáná tì. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti sọ fún mi pé bí àwọn ọmọ bá ti sùn, tí olówó orí yín sì ti ń han-an-run, eré Kòríà ni ẹ máa ń wò lórí fóònù títí ojú yóò fi wúwo. Èmi náà ń wò ó. Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́ fún yín?

Eyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni The Glory. Kim Eun-sook ni ó kọ ọ́, Ahn Gil-ho sì ni olùdarí rẹ̀. Ìpín mẹ́rìndínlógún ni. Netflix gbé mẹ́jọ àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2022, ó sì gbé mẹ́jọ yòókù jáde ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2023. Ẹni tí kò bá tíì wò ó, tí kò sì fẹ́ kí n tú àṣírí rẹ̀, kí ó ṣí ìwé kọjá sí ojú ewé aṣọ rírán. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe wò ó níwájú ọmọdé. Àgbàlagbà ni wọ́n ṣe é fún, ìyà inú rẹ̀ kò sì ṣeé wò tán fún èmi gan-an láìgbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Moon Dong-eun jẹ́ ọmọ tálákà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 2004. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ márùn-ún, tí Park Yeon-jin jẹ́ olórí wọn, sọ ọ́ di ohun ìṣeré. Wọn a mú irin gbígbóná tí àwọn obìnrin fi ń ṣe irun, wọn a sì máa fi jó o lára. Ó fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá, kò já sí nǹkan. Ó fi sun olùkọ́, olùkọ́ náà lù ú. Ó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó lọ ṣiṣẹ́ alágbàṣe, ó ń ka ìwé lóru, títí ó fi di olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjìdínlógún, ó wọ inú kíláàsì kan gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ tuntun. Ye-sol, ọmọ Yeon-jin, wà láàrin àwọn ọmọ tí ó dìde kí i.

Bí ẹ bá rò pé òǹkọ̀wé ni ó hùmọ̀ ọ̀rọ̀ irin gbígbóná yẹn, àwọn ará Kòríà kò rò bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn rántí ọ̀ràn kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Cheongju ní ọdún 2006, níbi tí àwọn ọmọbìnrin kan ti fi irú irin bẹ́ẹ̀ jó akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn. Òǹkọ̀wé náà sì sọ pé ìbéèrè kan tí ọmọbìnrin òun bi òun ni ó ta òun jí: èwo ni yóò dun ìyá jù, kí ọmọ rẹ̀ lu ọmọ ẹlòmíràn pa ni, tàbí kí wọ́n lu ọmọ tirẹ̀ pa? Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè náà. Ìdáhùn tí ó wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe èyí tí mo lè sọ jáde lójú ènìyàn.

Ìyá àkọ́kọ́ nínú eré yìí ni ìyá Dong-eun. Ọ̀mùtí ni. Ọmọ rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ìyà ni ó lé òun kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́, ó sì ti dárúkọ àwọn tí ó fi jẹ òun. Ìyá yìí gba owó lọ́wọ́ ìyá Yeon-jin, ó sì fọwọ́ sí ìwé mìíràn tí ó sọ pé ọmọ náà ni kò bá ilé-ẹ̀kọ́ mu. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bú obìnrin yìí gidigidi. Èmi náà bú u.

Ṣùgbọ́n n kò rí oorun sùn ní alẹ́ ọjọ́ tí mo wo ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà. Lójoojúmọ́ ni kúlà oúnjẹ rẹ̀ ń ti ilé-ẹ̀kọ́ dé ní òfìfo, tí kò ṣẹ́ ku hóró ìrẹsì kan. Mo fi yangàn. Mo tilẹ̀ fi ṣe àpẹẹrẹ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, pé bí ìyá bá mọ bí a ti ń ṣe oúnjẹ tí ó pé, ọmọ kò ní ṣẹ́ ẹ kù. Bí ó bá sì di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bu gààrí gbígbẹ sẹ́nu ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo ní ó ń dàgbà ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo wo eré yẹn, n kò bi í bí mo ti máa ń bi í tẹ́lẹ̀ pé ṣé ó jẹun tán. Mo bi í pé, “Ta ni ó jẹ oúnjẹ rẹ lánàá?” Ó tẹ ojú mọ́lẹ̀. Ó dárúkọ ọmọkùnrin kan tí ó wà ní kíláàsì òkè. Ó ti lé ní sáà kan tí ọ̀rọ̀ náà ti wà bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, “Mọ́mì, inú yín máa ń dùn tí kúlà bá ṣófo.”

Mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. N kò ní sọ gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, àfi pé mo rí ọmọ tí ó ń gba oúnjẹ náà, mo sì gbọ́ pé kì í gbé nǹkan kan wá láti ilé rárá. N kò tún ní ẹnu tí mo fi ń bú ìyá Dong-eun bí mo ti ń bú u tẹ́lẹ̀.

Ìyá kejì, ìyá Yeon-jin, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Owó ni ó fi ń nu gbogbo ìdọ̀tí ọmọ rẹ̀ nù. Ó ń lọ sọ́dọ̀ mudang, èyíinì ni obìnrin tí ó ń bá ẹ̀mí àìrí sọ̀rọ̀ fún wọn. Nígbà tí iná sì dé orí òun fúnra rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn sí ọmọ náà. Wọ́n fi ọwọ́ wúwo kun obìnrin yìí, kò sí ibì kan tí a ti lè ṣàánú rẹ̀. Mo ka èyí sí àbùkù.

Yeon-jin fúnra rẹ̀ ni ìyá kẹta, wọ́n sì ṣe tirẹ̀ dáradára. Ó di ẹni tí ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ti rí lórí tẹlifíṣọ̀n, ó fẹ́ Ha Do-yeong, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìkọ́lé, ó sì fẹ́ràn Ye-sol ní tòótọ́. Ohun tí ó bani lẹ́rù nìyẹn: ọwọ́ tí ó di irin gbígbóná mú náà ni ó ń di irun ọmọ. Ṣùgbọ́n Do-yeong kọ́ ni bàbá ọmọ yìí. Jeon Jae-jun, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún, ni bàbá rẹ̀, ohun tí ó sì tú àṣírí náà ni pé Jae-jun àti Ye-sol kò lè fi ojú ya àwọ̀ pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan níhìn-ín, iṣẹ́ mi ni ó ń pè mí. Ohun tí ń fa àìríran yìí wà lórí okùn àjogúnbá tí wọ́n ń pè ní X. Ọkùnrin ní ẹyọ kan, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó ti gbà á. Obìnrin ní méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, èkejì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, a máa fi èkejì ríran. Ìdí nìyí tí ó fi wọ́pọ̀ láàrin ọkùnrin ju obìnrin lọ. Kí ọmọbìnrin tó lè ní in, ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì ni yóò ti gbà á. Bí ojú Do-yeong bá ti mọ àwọ̀ yà, òǹkọ̀wé kò ṣìnà nígbà tí ó ní kì í ṣe òun ni ó bí ọmọ náà. Ohun tí eré náà kò tẹnu mọ́ ni pé Jae-jun nìkan kò lè fún ọmọ náà. Yeon-jin ti ní láti gbé ìdajì rẹ̀ sínú ara, kí ojú rẹ̀ máa rí gbogbo àwọ̀ kedere, kí ó má sì mọ ohun tí ó ń gbé kiri. Bí ẹ bá sì ní ọmọ tí ẹ rán ní ata pupa tí ó ń ṣa èyí tí kò tíì pọ́n mọ́ ọn, ẹ má ṣe gbá a létí. Ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò ojú.

Ìyá kẹrin ni mo fẹ́ràn jù lọ. Kang Hyeon-nam ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ ni ní ilé olówó kan. Ọkọ rẹ̀ ń lù ú. Ó rí Dong-eun níbi tí ó ti ń kó àpò ìdọ̀tí ilé náà lọ láti wá àṣírí inú rẹ̀, dípò kí ó pariwo olè, ó ní òun yóò bá a ṣiṣẹ́ bí ó bá lè bá òun pa ọkọ òun. Láti ọjọ́ náà ni ó ti kọ́ bí a ti ń wa ọkọ̀, tí ó kọ́ bí a ti ń ya fọ́tò, tí ó ń tẹ̀ lé àwọn ọ̀tá Dong-eun kiri ìlú. Yeom Hye-ran ni ó ṣe é, ó sì ṣe é débi pé ẹ̀rín àti ẹkún ń bá ara wọn jáde lójú mi. Obìnrin tí ojú rẹ̀ wú, tí ó sì ń ṣẹ̀fẹ̀! Bí ó bá wọ inú ọkọ̀ kékeré náà, bí ọ̀gá ni ó ń jókòó. Dong-eun ń kọ́ Sun-ah ọmọ rẹ̀ ní ìwé, wọ́n sì rán an lọ sí Amẹ́ríkà kí ọwọ́ bàbá rẹ̀ má baà tó o. Ibi tí ìyá àti ọmọ ti pínyà, mo dá fóònù dúró, mo lọ fọ abọ́ kí n tó padà sí i. Ọkọ náà kú níkẹyìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ Hyeon-nam ni ó pa á, inú mi sì dùn sí èyí fún un.

Ní ti ìhun ìtàn náà, ìpín mẹ́jọ àkọ́kọ́ dára ju mẹ́jọ ìkẹyìn lọ. Eré ọpọ́n kan wà tí wọ́n ń pè ní baduk, tí Dong-eun kọ́ kí ó lè fi sún mọ́ Do-yeong. Kò dà bí ayò, níbi tí a ti ń kó ọmọ ayò láti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn. A óò gbé òkúta kan kalẹ̀, kò ní kúrò níbẹ̀ àyàfi bí ọ̀tá bá yí i ká. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta yóò fi gba ilé ẹnìkejì. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn náà ṣe lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, láìsáré. Lẹ́yìn náà ni òkú bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, gbogbo ìdẹkùn sì ń mú ẹran lọ́jọ́ kan náà. Dókítà Joo Yeo-jeong tí ó fẹ́ràn Dong-eun lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé e dé, mo máa ń rántí pé mo ní aṣọ tí n kò tíì lọ̀.

Ohun tí ó sì ń kọ mí lóminú jù ni Ye-sol. Olùkọ́ ni mí. Kí olùkọ́ wọ kíláàsì nítorí pé ó fẹ́ fi ọmọ kékeré kan dẹ ìyá rẹ̀, bí ìyá náà ti wù kó burú tó, n kò lè gbè é. Do-yeong mú ọmọ náà lọ sí ìlú ọba níkẹyìn, eré sì pa á tì síbẹ̀. Ta ni yóò jókòó ti ọmọ yẹn?

Ariwo eré yìí kò dúró nínú tẹlifíṣọ̀n. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023 kan náà, olùdarí rẹ̀ jẹ́wọ́ láti ẹnu agbẹjọ́rò pé òun lu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ọdún 1996 nígbà tí òun ń kàwé ní Philippines, ó sì tọrọ àforíjì. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba Kòríà kéde pé àkọsílẹ̀ ọmọ tí ó bá jẹ̀bi ìwà ipá tí ó le ní ilé-ẹ̀kọ́ yóò wà fún ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí ó bá jáde, dípò méjì, àti pé àwọn yunifásítì yóò máa wò ó kí wọ́n tó gbà á wọlé.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn báyìí, Mother, tí àwọn ará Kòríà ṣe ní ọdún 2018 láti ara eré tí àwọn ará Japan ti ṣe ní ọdún 2010. Olùkọ́ kan jí ọmọ kíláàsì rẹ̀ gbé nítorí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ọmọ náà nílé. Ìpín mẹ́rin péré ni mo tíì wò. Ẹ̀yin tí ẹ ti wò ó parí, bí ẹ bá ń kọ lẹ́tà sí mi, ẹ má ṣe sọ fún mi bóyá ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ̀ wọ́n.