Ẹ̀yin Onílẹ̀, Ẹ Ṣán Yèrèpè

Ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò ló ń ṣòwò ní Àbíjàn. Wọ́n ra ilẹ̀ sílé, igbó sì gbà á, yèrèpè gùn ún.

Bí ọyẹ́ bá dé tí èso rẹ̀ gbẹ, afẹ́fẹ́ a máa gbé irun rẹ̀ kiri. Aládùúgbò àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá lọ ni ara ń yún. Ṣé ìyẹn dára?

Èrò tèmi ni pé kí ẹ̀yin bàbá wa fi owó àro ránṣẹ́, kí wọ́n ṣán an nígbà òjò, kí ó tó so. Ẹni tó bá dúró di ẹ̀ẹ̀rùn, àdá rẹ̀ ni yóò gbọn irun náà sí i lára, èso tó bọ́ sílẹ̀ yóò sì tún hù. Ẹ má sọ pé Àbíjàn jìnnà. Owó ìnáwó ń ti ibẹ̀ wá.