Obìnrin Tí Ọkọ Rẹ̀ Kò Padà Wálé
Lábẹ́ òfin àwọn Júù, bí ọkọ sọnù fún ogún ọdún, ìyẹn nìkan kò sọ ìyàwó rẹ̀ di opó. Àfi kí ẹ̀rí ikú wà. Bó bá lọ fẹ́ ẹlòmíràn, tí ọkọ àkọ́kọ́ sì yọjú, yóò fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ ni.

Àwọn amòfin àtijọ́ mọ̀ pé ìyà yìí pọ̀. Ẹlẹ́rìí méjì ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Nínú ọ̀rọ̀ ikú ọkọ, ẹnì kan ti tó, kódà kó jẹ́ obìnrin náà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ogun tí Israel jà lọ́dún 1973, Rábì Ovadia Yosef jókòó ti ọ̀rọ̀ ìyàwó àwọn ọmọ ogun tó sọnù, ó sì tú ọ̀pọ̀ wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn ìkọlù 2001 ní New York, àwọn adájọ́ Júù yẹ ìpè fóònù ìkẹyìn àti DNA wò. Iṣẹ́ àánú gidi nìyẹn.

Ohun tó ń dùn wá ni ti ọkọ tó wà láàyè, tó kàn kọ̀ láti fún ìyàwó níwèé ìkọ̀sílẹ̀. Ní Israel, ilé ẹjọ́ lè sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Kí wọ́n máa tètè ṣe bẹ́ẹ̀.